Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò àti Ìka Tí Ó Há

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Màmá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ sí àárín agbo ilé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Àwa ọmọ ilé tẹ́ ẹní yí i ká.

— Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

— Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó rìn, ó rìn, ó gba ẹ̀yìn ilé amọ̀kòkò kọjá, ó dé pápá, ó lọ jókòó ti obìnrin kan tí ìka rẹ̀ há.

— Kí ìka náà nà fún un.

— Ẹ ṣé. Ẹ gbọ́ ọ báyìí.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, obìnrin kan wà ní ìlú Agbèdè. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìkòkò ló ń mọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tẹ̀dó sí ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá mọ ìkòkò tán, ó di kí ó jókòó, kí ó máa wo ògiri.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu wá ra ìkòkò omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹtu wo ojú rẹ̀ títí, ó ní, "Ìyá Oníkòkò, kí lẹ máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́?"

Àwẹ̀ró ní, "Mo máa ń dúró kí ilẹ̀ ṣú ni."

Ẹtu ní, "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbì kan."

Ó mú un lọ sí pápá. Níbẹ̀ ni tènìyàn tẹranko ti ń gbá bọ́ọ̀lù onígi, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní họ́kì nílé ìwé yín. Igi gígùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ ni kálukú ń mú lọ́wọ́. Wọ́n á máa fi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan nílẹ̀, títí yóò fi wọlé.

— Màmá Àgbà, ẹtu ò ní ìka. Báwo ló ṣe ń di igi mú?

— Akínbámi, apá iwájú méjèèjì ló fi ń há a mọ́ àyà. Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Àwẹ̀ró ò mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, pé kí ó máa dí ọ̀nà. Ehoro á gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá, Ọ̀bọ á gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwẹ̀ró á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré parí, wọ́n jọ mu omi nínú igbá kan náà. Ọ̀bọ ń fi bí Àwẹ̀ró ṣe ń sáré ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà fún Ọ̀bọ lésì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún méjì tí ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í rí Àwẹ̀ró ní pápá.

Ọdún kan kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró jí, ó rí i pé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún òun ti ká wọ àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí ó nà, kò nà. Ó fi ọwọ́ òsì fà á. Ó dún kẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fa ìbọn, ìrora gba inú ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìka nà. Ó ní bóyá òun sùn lé e lórí ni.

Ọjọ́ kejì, ó tún ká. Ọjọ́ kẹta, ó tún ká. Nígbà tó yá, kí ó tó lè fọwọ́ kan amọ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa bẹ ìka rẹ̀. Orin tí ó ń kọ nìyí, ẹ bá mi gbè é:

Ìka, ìka, nà fún mi o.
— Tẹ́rẹ́nà.
Amọ̀ ń dúró, omi ń gbẹ.
— Tẹ́rẹ́nà.
Pápá ń pè mí nírọ̀lẹ́.
— Tẹ́rẹ́nà.
Ìka, ìka, nà fún mi o.
— Tẹ́rẹ́nà.

— Kí ló dé tí kò sọ fún Ẹtu?

— Mojírayọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí òun máa sinmi nílé. Ilé wo? Ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó fi àkísà wé ìka náà, ó ní àfọ́kù ìkòkò ló gé òun.

Bí ìka ṣe ń dùn ún tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di igi mú pinpin tó, nítorí kò fẹ́ kí igi bọ́ lọ́wọ́ òun kí wọ́n wá mọ̀. Bí ó sì ṣe ń dì í mú pinpin, bẹ́ẹ̀ ni ìka ń le sí i.

Ó wá di ọjọ́ tí àwọn ará òdìkejì odò wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Pápá kún. Bọ́ọ̀lù yí wá sí ẹ̀yìn, Àwẹ̀ró na igi rẹ̀ láti dá a dúró. Ẹtu ń sáré bọ̀ láti gba bọ́ọ̀lù náà lọ síwájú, ni igi Àwẹ̀ró bá há sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ju igi sílẹ̀, Ẹtu á bọ́.

Ẹtu ń pariwo pé, "Ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀."

Àwẹ̀ró fẹ́ jù ú. Ọwọ́ ò ṣí.

Ìka, ìka, nà fún mi o.
— Tẹ́rẹ́nà.

Kò nà. Ẹtu ṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan rọ́.

Gbogbo wọn sáré pé lé Ẹtu lórí. Ọ̀bọ gbójú sókè, ó ní, "Gbogbo wa la gbọ́ tí Ẹtu ń bẹ Ìyá Oníkòkò kí ó ju igi sílẹ̀, kò jù ú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ òsì ṣí ọwọ́ ọ̀tún lára igi, ó fi igi sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ sílé. Ọkàn gbogbo wọn wà lára Ẹtu, kò sẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́ márùn-ún ni kò yọjú sí pápá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Ẹtu tiro wọ agbo ilé rẹ̀. Kò kí i. Ó ní, "Ìyá Oníkòkò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá béèrè. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Àwẹ̀ró tú àkísà ìdí ìka rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ìka ká pátápátá. Ó fi ọwọ́ kejì fà á, kẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹtu ní, "Láti ìgbà wo?"

"Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ sì ń gbé e wá sí pápá lójoojúmọ́?"

"Ibo ni kí n gbé e lọ?"

Ẹtu jókòó tì í lórí amọ̀ tútù. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mo ti ń bínú sí yín láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ dìde, Bàbá Alákàn wà létí odò. Òun ló tún ẹsẹ̀ mi ṣe."

Bàbá Alákàn ló ń wo oríkèé ara nígbà náà. Ó mú ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó tẹ ìdí ìka náà jẹ́jẹ́. Ó bá kókó kékeré kan níbẹ̀.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, okùn kan wà nínú ìka, ihò tóóró kan ló ń gbà kọjá. Okùn tìrẹ ti wú, ihò náà ti fún. Bó bá dé ibẹ̀, á há. Bó bá já gbà, á dún. Kì í ṣe àfiṣe ẹnikẹ́ni. Amọ̀ pípò lọ́sàn-án, igi dídìmú nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ò rí ìsinmi ni."

Ó fi igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ de ìka náà kí ó má baà ká lójú oorun. Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má di igi mú rárá.

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìlọ sí pápá?"

Alákàn ní, "Ṣé mo dárúkọ pápá? Igi ni mo ní kí o má dì mú."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró lọ sí pápá. Ó gbé ọwọ́ sókè tòun ti ọparun, ó ní, "Ìka mi ló há. Ó ti pẹ́ tó ti ń há, mo fi pa mọ́ fún yín. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe Ẹtu léṣe. Ẹ má bínú sí mi."

Ọ̀bọ ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ burúkú yẹn ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀bọ wá fi ẹsẹ̀ bá a po amọ̀. Ó wá lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú. Kò mọ̀ ọ́n pò, òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, ìkòkò mẹ́rin fọ́ nínú iná. Àwẹ̀ró ò bá a wí.

— Ṣé ìka náà wá nà?

— Kò nà tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìrora dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń há láàárọ̀. Àwẹ̀ró sunkún lọ́jọ́ yẹn, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ló ṣe.

Ó padà lọ bá Alákàn. Alákàn ní, "Ó ku ọ̀nà kan. Màá la ẹnu ihò yẹn díẹ̀." Ó fi oje ewé kan ra ìdí ìka náà kí ó má baà mọ ìrora. Ẹtu jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Alákàn fi ṣóńṣó ọwọ́ rẹ̀ gé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ó ní, "Ká a." Àwẹ̀ró ká a.

Ó ní, "Nà á."

Ẹ bá mi gbè é:

Ìka, ìka, nà fún mi o.
— Tẹ́rẹ́nà.

Ó nà. Kò dún.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná, Àwẹ̀ró wé aṣọ mọ́ ọrùn igi rẹ̀ kí ó nípọn, kí òun má baà máa dì í mú pinpin mọ́. Ó padà sí ẹ̀yìn, sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Ehoro gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni bọ́ọ̀lù wọlé.

Iwájú ni Ẹtu ti máa ń gbá tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, ó fi iwájú sílẹ̀, ó rọra ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní, "Ibo lò ń lọ?"

Ẹtu ní, "Ẹsẹ̀ yìí ò lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sún fún mi."

Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ náà, ó sún. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń dí ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tó bá ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré. Bí ẹnì kan bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ṣe é.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi ti kan ilẹ̀ nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi wúwo di àárọ̀ ọ̀la; bí n kò bá bù mọ́ ọn, kí n jí kí n sì ká ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí n nà wọ́n láìfà.

— Ẹ ó jí, Màmá Àgbà. Ẹ ó nà wọ́n.