Fíìmù Kérésì Tí Kò Ní Ibùjẹ Ẹran

Ọkùnrin kan wà tí ìjọ rẹ̀ fi fíìmù ọjọ́ Kérésì sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ìjọ náà, tí ìsìn àárọ̀ Kérésì bá ti parí, tí àwọn èèyàn sì ti jẹun, wọn á kó àga wọ gbọ̀ngàn, wọn á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, wọn á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọn á wá wo fíìmù kan pa pọ̀. Bàbá àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti kú. Fíìmù kan náà ni bàbá yẹn máa ń fi hàn lọ́dọọdún, ìtàn ọmọ ìyá méjì tó ń jà nítorí ilẹ̀. Ìlú wọn gan-an ni wọ́n ti yà á.

Ọkùnrin yìí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ó mú bébà, ó kọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù Kérésì sí i: ìràwọ̀, áńgẹ́lì, olùṣọ́-àgùntàn, ibùjẹ ẹran. Fíìmù tí kò bá ní wọn, kò ní í kan ògiri ìjọ. Ó wo ti ìjà ilẹ̀ yẹn dé ìdajì, kò rí ọ̀kankan, ló bá tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésì dé, opó kan wá bá a. Ìyá Fọlárìn ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Fọlárìn ti kú.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o ò ní í fi fíìmù wa hàn lọ́dún yìí."

"Fíìmù wa kẹ̀, Mọ́mì? Ìjà ilẹ̀ ni o! Níbo ni Jésù wà nínú ẹ̀?"

"Fọlárìn wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà mọ̀. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, wọ́n ní kí Fọlárìn gbé garawa omi kọjá lẹ́yìn àwọn tó ń jà. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má wo kámẹ́rà. Ó wò ó, ó tún rẹ́rìn-ín sí i, àwọn tó ń yà á kò sì rántí gé e kúrò. Kò pẹ́ ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Àmọ́ lọ́dọọdún, tó bá ti yọ báyìí, ìyá rẹ̀ á dìde, á ní, "Fọlárìn, káàbọ̀ o!" Gbogbo gbọ̀ngàn á sì gbè é pé, "Káàbọ̀ o!" Ikán ti jẹ fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá náà ní. Ibi tó kù tó ti lè rí ojú ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

"Mọ́mì, ariwo yẹn gan-an ò bójú mu nílé Ọlọ́run."

"Mi ò ní í pariwo mọ́. Màá jókòó jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n ṣáà rí i."

"Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. A máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Ta ló fi ọdún tó ń bọ̀ hàn ẹ́?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Kérésì, kò sí ohun tí fíìmù ọkùnrin náà kò ní. Ìràwọ̀ ń tàn, áńgẹ́lì ń fò, àgùntàn kún ilẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Fọlárìn jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo aṣọ funfun náà bí ẹni tó ń dúró de èrò ní gáréèjì. Nígbà tí wọ́n tan iná, òun ló dìde kẹ́yìn.

Ó kú kí Ọdún Àjíǹde tó dé.

Nígbà tí Kérésì mìíràn ń bọ̀, ọkùnrin náà fa àpótí jáde, ó fi fíìmù ìjà ilẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré tó wà nílé rẹ̀, ó gbé bébà rẹ̀ lé orúnkún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó kọjá ìdajì. Fọlárìn yọ. Omi ń dà sí i léjìká. Ó wo iwájú, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Ọkùnrin náà dá a padà, ó tún wò ó. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Bébà já bọ́ lórí orúnkún rẹ̀, kò sì mú un.

"Ẹ̀rọ yìí wà nílé mi," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mi ò tiẹ̀ ní kí Mọ́mì wá jókòó síbí kí wọ́n wò ó."



Ọjọ́ Kérésì pé. Ó gbé àga ìyá náà sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi fíìmù náà hàn. Fọlárìn yọ pẹ̀lú garawa rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, wọ́n ń retí ohùn kan kí wọ́n tó gbè é. Ọkùnrin náà dìde, ó lanu, ohùn kò jáde. Kó tó rí i fà jáde, Fọlárìn ti gbé omi rẹ̀ kọjá lọ.

Ìwọ tó bi mí pé kí ló ń sọ fíìmù di fíìmù Kérésì, ìdáhùn mi nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ wọlé tọ àwọn tó ń retí rẹ̀ wá ni Kérésì, yálà a rí ìràwọ̀ níbẹ̀ tàbí a ò rí i. Bébà wà lọ́wọ́ ìwọ náà, mo mọ̀. Máa kọ nǹkan sí i, kò burú. Àmọ́ ẹni tó dúró síwájú rẹ lónìí, tó ní kí o jẹ́ kí òun ṣáà rí i, má sọ fún un pé kó di ọdún tó ń bọ̀. Fi hàn án nígbà tó ṣì wà lórí àga.