Ìkòkò Tó Kù Létí Odò

Ṣé ìwọ tó ń kàwé yìí ti dá gbé ìkòkò omi tó kún rù rí? Ẹni tó lágbára á kọ́kọ́ gbé e lé orúnkún, kó tó gbé e dé orí òṣùká. Ìbídùn kò lè ṣe é. Àìsàn ti mú ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ láti kékeré. Opó ni, ẹ̀kọ ló ń tà ní abúlé Olókùúta. Bí kò bá tètè rí omi sẹ́ ògì, àgbàdo tó ti lọ̀ á bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì febi sùn.

Àwẹ̀ró, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ló lágbára jù nínú agbo ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọnmi tirẹ̀ tán, ilé ló kàn.

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Ọ̀la ni n ó dúró dè yín."

Ojoojúmọ́ ló ń wí bẹ́ẹ̀. Ìbídùn á jókòó ti ìkòkò rẹ̀ títí ẹni tó láàánú á fi kọjá.

Nígbà tí òjò dé, Àwẹ̀ró yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà odò, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n fi igi dì í. Ó ṣáà lọ pọnmi, nítorí ọkọ rẹ̀ ti lọ sóko. Ó bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n gbé e rù ú.

"Ọ̀la o, Àwẹ̀ró," ni wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ìbídùn ló dé kẹ́yìn. Ó pọnmi tirẹ̀, ó wá wojú Àwẹ̀ró.

"Ìyàwó, ṣé ọ̀la ti dé ni?"

Àwẹ̀ró sorí kọ́. "Ọwọ́ kan ló kù mí kù, ìyáálé mi."

"Ọwọ́ kan ni tèmi náà. Tìrẹ òsì, tèmi ọ̀tún. Ṣebí ó pé méjì."

Wọ́n jọ di ẹnu ìkòkò mú, ó sì gun orí Àwẹ̀ró. Ìgbà náà ló rí ìkòkò Ìbídùn nílẹ̀. Pẹ̀lú ẹrù lórí, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti bá a gbé e.

"Máa lọ," ni Ìbídùn wí. "Ó ti mọ́ mi lára."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára ju ìrora ọwọ́ lọ. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Tiyín la ó kọ́kọ́ gbé, ògì kì í dúró deni. Bí Ọlọ́run bá wo ọwọ́ mi sàn, ẹnikẹ́ni kò ní dá jókòó ti ìkòkò létí odò yìí mọ́."

Wọ́n sọ ti Àwẹ̀ró kalẹ̀, wọ́n jọ gbé ti Ìbídùn rù ú; ó gbé e délé, ó sì padà wá bá Àwẹ̀ró gbé tirẹ̀ rù.

Ọwọ́ náà sàn. Àwọn kan tó gbọ́ nípa ẹ̀jẹ́ náà rò pé á di ọ̀la bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, Àwẹ̀ró ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé odò. Ó gbé e ru Ìbídùn, ó gbé e ru arúgbó, ó gbé e ru aboyún. Òun tó lágbára ló wá ń kẹ́yìn wálé. Ojú ti àwọn yòókù, wọ́n bá a ṣe é, títí ó fi di àṣà abúlé. Àwọn àgbà tó rí i bí Àwẹ̀ró ti mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ ló sọ ọ́ dòwe fún wa pé, ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.