Ààrò Mẹ́ta Lójú Gíláàsì Ọkọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Ó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Àmì tí mo bá yà, iṣẹ́ tí mo bá rán an nìkan ló lè jẹ́. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un." Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ooru sì wà níta.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì wọlé tọ̀ ọ́ wá. Obìnrin náà ní àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni òun ń fẹ́, pé wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí i, pé àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ díẹ̀ nígboro.

"Àmì tí irú wa ń lò lókè òkun wà," ó ní, "ṣùgbọ́n kò jọ ohun tó ti ilé wa jáde. A fẹ́ tiwa."

Ojú ayàwòrán náà kò yí padà. Ó ti ṣe àmì fún ẹgbẹ́ àwọn onílé rí, ó sì ti ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé tó ń bá wọn jà. Ó jókòó, ó ya òkúta ààrò mẹ́ta, ó wá gbé ọkàn pupa kan lé wọn lórí níbi tó yẹ kí ìkòkò wà.

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ó ní.

Ó wú wọn lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi etí ẹ̀wù nu ojú. Èkejì ní kí ó rọra sọ ọkàn náà kalẹ̀ díẹ̀, kó má bàa yí ṣubú.

Obìnrin náà ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ó ṣe máa lò ó fún yín."

"Àǹtí, èmi ni mo bí i. Ṣé ẹ fẹ́ máa ròyìn ọmọ fún ẹni tó bí i ni?"

Obìnrin náà sanwó, wọ́n sì mú àmì wọn lọ. Ohun tí ì bá sọ rèé: ẹni tó bá gbé àmì yìí sára ń sọ pé òun ń fẹ́ ju ẹnì kan lọ, pé ará ilé òun mọ̀, àti pé ilẹ̀kùn kò tíì tì. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ilẹ̀kùn náà wọlé, ọ̀dọ̀ ará ilé ni yóò kọ́kọ́ lọ kí, lọ́sàn-án gangan, kò sì ní mú ọwọ́ òfo lọ.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ayàwòrán wa. Ó tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù méjì fún ara rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù àti iwájú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lo irú sítíkà tí òjò kò lè ká kúrò. Ọkùnrin kan dá a dúró lójú títì, ó bi í bóyá oúnjẹ ti jinná. Ó kà á sí oríyìn.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, bi í pé, "Kí ni ààrò ń wá lára mọ́tò?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Kò sọ nǹkan kan."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, obìnrin kan tó múra nigínnigín gbé ọsàn wá sílé wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó.

"Ẹ kú ilé, mà. Mo rí àmì lójú ọkọ̀ bàbá. Àwa kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá bi yín bóyá ó tẹ́ yín lọ́rùn kí n máa bá wọn jáde."

Ìyàwó kò pariwo. Ó fún un ní àga àti omi, ó ní kó ṣàlàyé. Obìnrin náà sì ṣàlàyé, kò fo ibì kankan. Ibẹ̀ ni ọkọ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ti òun ti ẹ̀wù ààrò lọ́rùn.

"Bàbá Ayọ̀kanmi, ẹ jókòó," ìyàwó rẹ̀ ní. "Wọ́n ń kọ́ mi ní ìtumọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yín."

"Yíyà ni mo yà á. Mi ò rán an ní irú iṣẹ́ yẹn."

Àlejò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo rò pé ilé ti gbọ́ ni."

"Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni. Ẹ ṣé tí ẹ gba iwájú."

Nígbà tí àlejò lọ tán, ọkọ mí kanlẹ̀. Ó rò pé ó parí. Ìyàwó rẹ̀ mú ọsàn kan, ó ń bó o.

"Àmì yẹn, ẹ ní kò sọ nǹkan kan."

"Kò sọ nǹkan kan."

"Ó dáa. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sára búláòsì tí mo ń wọ̀ lọ síléèwé. Olùkọ́ ìṣirò tuntun tí wọ́n gbé wá bá wa, ó fẹ́ràn àwòrán púpọ̀."

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ ti lóṣòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú abẹ àti abọ́ kẹrosíìnì, ó ń ha gíláàsì. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga síta, ó ń jẹ ọsàn, ó sì ń fi ibi tó kù hàn án. "Òkúta tọwọ́ òsì kò tíì kúrò."

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, sìmẹ́ńtì lò ń tà. Àmì àwọn dókítà ló wà níwájú gíláàsì ọkọ̀ rẹ, o sì sọ fún mi pé nítorí ọlọ́pàá lásán lo ṣe lẹ̀ ẹ́. Ọlọ́pàá nìkan kọ́ ló lójú. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò sáré wá kan gíláàsì yẹn, ìyàwó rẹ̀ á máa rọbí nínú mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ, o ò sì ní lè sọ fún un pé o kò rán àmì náà níṣẹ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, lọ yá abẹ lọ́wọ́ ayàwòrán wa. Ṣùgbọ́n kí o ní sùúrù. Òkúta tọwọ́ òsì ṣì ń dà á láàmú.