Òkété àti Igi Tí Ìlú Ní Kó Jóná

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níwájú, ẹ yé ti ara yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àlọ́ mi dá fùrùgbágbòó, ó dá lórí Òkété, ẹni tó gbọ́n títí tó fi gbọ́n kọjá ilé ara rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ń gbé ìlú kan náà, ilé Òkété wà nísàlẹ̀ igi àgbálùmọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ló gbin igi náà kó tó kú. Àgbálùmọ̀ orí rẹ̀ dùn, kì í kan rárá. Òun ni àwọn ọmọ Òkété ń jẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ni Òkété fi ń ṣe fáàrí. Bí ẹ bá kí i pé, “Ẹ kúùrọ̀,” yóò ní, “Ẹ ti rí àgbálùmọ̀ mi lónìí?”

Lọ́dún kan, igi ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti kọjá tipẹ́. Ìrókò kan kú. Igi ọ̀sàn méjì tẹ̀ lé e. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Àkókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu kan igi. Àgbà ni Àkókó, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kan igi kan, ó gbé etí lé e. Ó kan òmíràn. Ó wá ní, “Kòkòrò àjèjì kan wà lábẹ́ èèpo àwọn igi yìí, ó ń jẹ wọ́n láti inú. Ẹnìkan ló rù ú wọ̀lú nínú ìdì igi ìdáná.”

Àgbọ̀nrín ni Baálẹ̀ ìlú. Ó bi í pé, “Bàbá, kí la ó ti ṣe é?”

Àkókó ní, “Kòkòrò yìí ò lè fò jìnnà. Orí àwa tí a ń rugi kiri ló ń gùn. Igi tí mo bá ti so ààlè mọ́, ẹ gé e, kí ẹ sun ún níbi tó bá wó sí. Kí ẹnikẹ́ni má mú ẹ̀ka kan relé.”

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ kejì ọjà, ìlú á jáde fún ọ̀wẹ̀. Àkókó á ṣáájú, á máa so mọ́ríwò mọ́ igi tó bá ń ṣàìsàn. Àwọn tó mú àáké á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àkókó, kan igi wò,
*Kó-kó-kó!*
Bó dún gbọ̀ngbọ̀n, ẹ fi sílẹ̀,
*Kó-kó-kó!*
Bó dún gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀, ẹ dáná,
*Kó-kó-kó!*

Òkété ń gbè é pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ó ń wo igi gbígbẹ tó ń jóná, ó ń dùn ún wọra. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, “Òjò máa tó dé. Bí òjò bá dé, gbogbo igi ìlú á tutù. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo ní igi gbígbẹ, wọn á máa gbé iṣu wá bá mi nílé. N ó kàn máa jókòó, n ó máa gbà á ni.”

Nígbà tí ọ̀wẹ̀ tún dé, tó ti rẹ gbogbo ènìyàn, Òkété dìde, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ lọ sinmi. Èmi ni n ó dúró ti iná yìí títí yóò fi jó tán.”

Baálẹ̀ gbàdúrà fún un. Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni Òkété yìí o. A ò kàn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni.” Kò sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn náà.

Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà, ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni Òkété kó síná, kí èéfín lè máa rú. Ó bọ́ sídìí ìtì igi, ó ń tì í gba inú ihò tó ti gbẹ́ dé ilé rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ gbẹ́ tó Òkété. Kó tó di ọ̀wẹ̀ kẹrin, igi ti yí ìdí àgbálùmọ̀ ká. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, “Bàálé mi, nǹkan kan ń dà sílẹ̀ lára igi yín, ó kúnná bí èlùbọ́. Mo sì ń gbọ́ kírí-kírí nínú rẹ̀.”

Òkété ní, “Ebi ló ń pa ọ́. Inú rẹ ló ń kùn.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.”

“A jẹ́ pé oúnjẹ náà ló ń dà.”

Àwẹ̀ró ní, “Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà o.” Ó gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Òjò dé lóòótọ́. Igi gbogbo ìlú tutù. Òkété fi ọgbọ́n jẹ́ kí Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, gbọ́ pé igi gbígbẹ wà. Kíá ni Ọ̀yà gbé iṣu mẹ́ta dé. Òkété ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé àgbálùmọ̀ kan já lé e lórí. Òmíràn já. Èso tí kò tíì gbó náà ń já, pọ́, pọ́.

Ọ̀yà gbójú sókè. Ó ní, “Òkété, igi yín mà ń wọ́wé.”

Òkété ní, “Ó ń pààrọ̀ aṣọ ni.”

 Ọ̀yà gbé iṣu rẹ̀ kalẹ̀, ó forí lé ọ̀dọ̀ Àkókó. Kò pẹ́, Àkókó àti Baálẹ̀ dé, ìlú ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Òkété dúró síwájú igi, ó na apá méjèèjì.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má ì tíì kàn án. Ìyàwó mi ń sùn.”

Àwẹ̀ró dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, “Mi ò sùn.”

“Igi yìí gan-an ò fẹ́ràn kí wọ́n máa kan òun.”

Àkókó ní, “Mo ti gbọ́. N ó rọra kàn án.” Ó kàn án, ó dún gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò, gbogbo ènìyàn rí ìtì igi tí ìlú rò pé ó ti jóná, ihò ló kún ara wọn. 

Òkété dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Baálẹ̀, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ló gbin igi yìí. Ẹ gé ẹ̀ka kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.”

Àkókó ní, “Bó bá fi di ọ̀la, kòkòrò inú rẹ̀ á ti fò sórí igi ọ̀sàn Ọ̀yà.”

Òkété wo Ọ̀yà. Ọ̀yà gbé ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Òkété dìde, ó gba mọ́ríwò lọ́wọ́ Àkókó, ó so ó mọ́ igi ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ, ó dùn ún gidigidi.

Wọ́n gé e, wọ́n sì kó gbogbo igi tó fi pamọ́ lé e lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ìlú dúró ti iná. Nígbà tí ó di eérú tán, òjò bẹ̀rẹ̀, ó pa ẹ̀yinná tó kù. Àánú Òkété ṣe Ọ̀yà, ó fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró bẹ iṣu, ó gbé ìkòkò ka orí ààrò. Ó ní, “Bàálé mi, igi dà?”

Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilẹ̀ tutù rinrin. Kò sí aládùúgbò tó lè fún un ní igi, nítorí Baálẹ̀ ti fi kún òfin lọ́jọ́ náà pé kí ẹnikẹ́ni má rugi wọ ilé ẹlòmíràn mọ́. Ó mú iṣu kan, ó gé e jẹ ní tútù, ó nawọ́ ìyókù sí àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òkété ti ń jẹ iṣu ní tútù.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo tú u kalẹ̀ fún yín: ohun tí gbogbo ìlú bá ní kó jóná, má ṣe gbé e pamọ́ sílé, torí ilé rẹ ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí ẹ bá dé oko lọ́la, tí ẹ bá iṣu tí wọ́n ti gé jẹ lábẹ́ ebè, ẹ má bú Òkété jù. Igi ìdáná ni kò rí.