Odò Àṣàndé Tó Ń Yà Kí Èèyàn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ti yó jù ni? Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ṣàn bá Àṣàndé, odò kékeré abẹ́ òkè.

Ní ayé àtijọ́, Àṣàndé sun jáde lábẹ́ àpáta. Ó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀sà, ìyá gbogbo omi, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Odò tí ẹ̀ẹ̀rùn bá bá lọ́nà, oòrùn á fà á mu tán ni. Àṣàndé bá sáré. Ó ṣàn gbọọrọ. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó kọjá lára àwọn amọ̀kòkò, ó dákẹ́. Inú bí wọn. "Kò kí wa? Omi wa ò ní tẹ̀ lé e!" Wọ́n fi amọ̀ dí odò wọn.

Oòrùn ń mu Àṣàndé. Ó tín-ín-rín. Ẹ̀rù bà á, ó bú sẹ́kún, ó ń kọrin. Ẹ gbè é o!

Ọ̀sà o, mò ń bọ̀ o,
*Ṣàn wẹ́rẹ́, odò, ṣàn wẹ́rẹ́!*
Oòrùn ń mu mí lọ o,
*Ṣàn wẹ́rẹ́, odò, ṣàn wẹ́rẹ́!*

Alákàn yọjú nínú ihò. "Omi kì í ṣàn padà, àmọ́ omi lè yà. Yà kí àwọn tó kù. Iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ni kó o fi kí i."

Àṣàndé yà sọ́tùn-ún, ó kí àwọn aláró: "Àrẹ̀dú o!" Wọ́n fún un ní odò wọn. Ó kọrin.

Ó yà sósì, ó kí àwọn àgbẹ̀: "Àrokobọ́dúndé o!" "Àṣẹ o!" Wọ́n fún un ní odò wọn. Ó kọrin.

Ó tún yà sọ́tùn-ún, ó bá Ìyá Àdùnbí onídìrí àti àwọn ọmọ tó ń dirí fún. Pẹ̀lú ìkánjú, ó ní, "Àrokobọ́dúndé o!"

Ìyá Àdùnbí fi òòyà sílẹ̀. "Háà! Ṣé orí ọmọ yìí lo rí tó o pè ní ebè?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àṣàndé. "Ẹ má bínú, màmá. Ojú gbooro o!"

"Òòyà á yà á o! Ọmọ dáadáa, máa mú odò mi lọ."

Báyìí ni Àṣàndé fi fẹ̀. Oòrùn mu ún, mu ún, kò tán. Ó ya wọ inú Ọ̀sà lọ́jọ́ gan-an tí ẹ̀ẹ̀rùn mú.

Ọ̀sà ní, "Ọ̀nà rẹ mà wọ́ o!"

"Màmá, mo yà kí èèyàn ni."

Ọ̀sà gbá a mọ́ra. "Èyí tí kì í yà ò dé ọ̀dọ̀ mi rí."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni téèyàn kí lọ́nà ló ń sinni délé. Ìwọ Mojírádé tó o gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ bí ẹni tí kò rí mi, ṣó o gbọ́? Bí mo bá purọ́, kí omi àmù mi gbẹ. Ọ̀sà ni ààlọ́ mi já sí yìí.