Ìyá Tí Láoyè Rí Ní Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà

Ẹni tó bá ní òun ò lẹ́nìkankan, kó wá gbọ́ ti Láoyè. Ìwé ló ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù n'Ìwó kí kọ̀ǹpútà tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá lọ bá Kánmọ́dì, ọ̀gá wẹ́dà tó ń jó irin, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Kánmọ́dì ní, "Àgbàlagbà bíi tìẹ! San gbogbo owó ìkọ́ṣẹ́ lónìí, kí bàbá tàbí ìyá ẹ sì wá fà ẹ́ lé mi lọ́wọ́." Láoyè ò ní kọ́bọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti sin òbí ẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ọ̀gá, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ ọmọ ìyá yín?" Kánmọ́dì bú sẹ́rìn-ín: "Ta ní í gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìyá ẹ̀?" "Ẹ ṣé, sà." Ni Láoyè bá yí padà lọ sí ìta, níbi tí ìyá Kánmọ́dì dá jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, ìyá tí Láoyè ti dọ̀bálẹ̀ kí nígbà tó ń bọ̀. "Ìyá, ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó, èmi náà ò ní ìyá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́." Ìyá mú ọ̀pá ẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. "Kánmọ́dì, ọmọ mi rèé. Kọ́ ọ níṣẹ́." "Ìyá, ìgbà wo lẹ bí eléyìí?" "Àárọ̀ yìí ni. Òun ló kí mi, ìwọ ò tíì kí mi di báyìí. Ó yá, Kánmọ́dì, dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ẹ."