Ẹ̀rọ Òkété àti Àgbàdo Tí Kò Ṣeé Pín

Àgbàdo sísun ló wu Òkété jẹ, ṣùgbọ́n kò wù ú kó fọwọ́ kan ọkọ́. Ẹ ò rí ìṣòro ńlá!

Lọ́dún náà, Erin àti Ẹfọ̀n dáko pọ̀. Òkìtì àgbàdo wọn ga ju ìrókò lọ; bí wọ́n bá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, á gùn láti ẹnu oko dé etí odò. Wọ́n fẹ́ pín in sí méjì, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, ìjà ẹyọ kan náà ló wó ìdajì igbó lulẹ̀.

"Baba Erin, Baba Ẹfọ̀n, ẹ fọkàn balẹ̀," Òkété wí. "Kọ̀ǹpútà mi á sọ bóyá ó pé méjì-méjì. Àmọ́ nọ́ńbà yìí pọ̀ o! A ò gbọdọ̀ kánjú."

Òkété mọ ọ̀nà àbùjá, ó fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó máa yọ méjì kúrò nínú iye náà, kó tún yọ méjì, títí á fi tán. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé oorun ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣòfin: "Ẹ tilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mi mọ́ mi láti ìta. Ẹ má ṣí i títí ẹ̀rọ á fi dáhùn. Ẹ ṣáà máa gbé àgbàdo sísun gba ojú fèrèsé."

Ó ń jẹ, ó ń sùn. Ikùn rẹ̀ yọ síta bí ìkòkò. Àwọn ọmọ Erin ń sunkún ebi níta, torí a kì í jẹ nínú ohun tí a kò tíì pín.

Ẹfọ̀n wá ronú, ó fi ìwo họ ògiri. "Òkété, èyí tí ò ń jẹ yìí, ṣebí inú òkìtì náà ló ti ń wá? Ṣé iye rẹ̀ ò ti yí padà?"

Inú Òkété dùn dé ìrù. "Ó mà ti yí padà o! Ẹ yọ èyí tí mo jẹ kúrò, ká tún bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Wọ́n yọ ọ́, ó tẹ iye tuntun sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. Òkété na ọwọ́ síta fún àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ ò ba nǹkan kan.

"Rárá o, ọ̀jọ̀gbọ́n," Erin wí. "Bí a bá mú ẹyọ kan, iye á tún yí. Ó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá dáhùn."

Ebi dé. Òkété ń forí gbá ilẹ̀kùn. "Ó pé méjì-méjì! Nọ́ńbà tó kẹ́yìn lára iye náà nìkan ni kí ẹ wò! Mẹ́fà ni, ó ṣeé pín sí méjì! Gbogbo èyí tó ṣáájú ò já mọ́ nǹkan! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Wọ́n wò ó, mẹ́fà ni lóòótọ́. Wọ́n pín àgbàdo, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Àwọn ọmọ yó.

"Ẹ̀yin àgbà, èmi ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀rọ ti dáhùn ni?" Erin bi í, àgbàdo kún ẹnu rẹ̀. "Òfin tìẹ náà nìyẹn."

Òkété fi èékánná gbẹ́ ilẹ̀, ó gba abẹ́ ògiri jáde, ikùn rẹ̀ ti pẹlẹbẹ bí ewé. Títí dòní, inú ihò ló ń gbé. Ìtìjú ò jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ẹni tó bá ń fa iṣẹ́ kékeré gùn nítorí oúnjẹ, kó yáa gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. Ibi tí àlọ́ mi ń lọ nìyẹn; ó ti débẹ̀, ó ti jókòó.